Ìlù kò ní lẹ́tà

Sunday, alẹ́.

A lọ síbi ọjọ́ìbí 70 ọdún ìyá kan lánàá, n'Ìbàdàn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe ń wọlé tòun ti agbádá, onídùndún kan fi ìyáàlù pàdé rẹ̀: re-mí-re-mí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ "Owó ti dé", ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ebi ń pa èmi, "Iyán ti dé" ni mo gbọ́. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní "Ajá ti dé" ni wọ́n wí. A rẹ́rìn-ín títí. Kò sì sẹ́ni tó ṣì í gbọ́ nínú wa: ohùn kan náà ni owó, iyán àti ajá ní, ohùn ọ̀hún sì ni awọ ń sọ.

Onílù náà ò kúkú dákẹ́ síbẹ̀. Ó so oríkì ìdílé wa mọ́ ọn, ó tún pa òwe lé e, títí ajá fi jáde nínú ọ̀rọ̀, tó wá ku owó nìkan. Bàbá mi ní nígbà èwe òun, orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn ni ìlù wọn ń pè, ṣùgbọ́n "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" ni àwọn ọmọ àdúgbò ń gbọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ká a mọ́ ọn lẹ́nu, ìgbátí ni.

Mo délé, mo ṣí fóònù. Àbúrò mi obìnrin ti kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí: "E jowo, mo nwa oko fun Satide to nbo." Kò fàmì sí i (èmi náà kì í fàmì, ta ló ráyè?). Àǹtí wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣàdúrà: "Oluwa a pese oko gidi fun e." Ẹ̀gbọ́n wa tó ń dáko l'Ọ̀yọ́ ní òun ní ọkọ́ méjì nílé, kó wá mú ọ̀kan. Ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ síbi ìgbéyàwó ló ń wá!

Òdìkejì ìlù àná gan-an nìyí. Awọ ní ohùn, kò ní lẹ́tà. Àwa ní lẹ́tà, a ti gbé ohùn sọ nù. Onílù mọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún òun, ló ṣe ń fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ dí i. Àwa rò pé tiwa ti pé.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, àbúrò mi tún un kọ: "Oko to ni taya merin o!"

Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Amin. Yoo ni taya merin, yoo tun ni ile."