Mo Tọpasẹ̀ Louis Bouwmeester Dé Amsterdam

Òjò winniwinni ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú tíráàmù ní Leidseplein, tí mo gbójú sókè wo ilé ìṣeré ńlá olóbíríkì pupa tí mo tìtorí rẹ̀ wá sí Amsterdam. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i, nítorí pé iná ti jó èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ráúráú ní 1890. Louis Bouwmeester, òṣèré ilẹ̀ Netherlands, ṣeré níbẹ̀.

Ìdílé òṣèré ni wọ́n bí i sí, ní Middelharnis, ní 1842, àwọn tó ń gbé eré láti ìlú dé ìlú bí alárìnjò tiwa, nítorí náà bíbá ni ó bá iṣẹ́ náà nílé. Shylock, Júù olówó èlé inú eré Shakespeare, ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Láti 1955 ni àwọn ará Netherlands ti ń fi orúkọ rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Theo Mann-Bouwmeester, pe ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún òṣèré tó bá peregedé.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé gan-an ni pé bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún kó tó dúró níwájú kámẹ́rà Theo Frenkel, ọmọ àbúrò rẹ̀ yìí kan náà, fún Fatum ní 1915 àti Pro Domo ní 1918. Sinimá aláìlóhùn ni méjèèjì. Kí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń bọ́ yóò wá fi ṣeré níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ ọ?

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, láàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí omi ń kán lára wọn, lọ sí Eye, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú sinimá àtijọ́. Fíìmù ìgbà náà a máa tètè gbiná, a sì máa jẹrà, èyí tó kù kò pọ̀. Mo jókòó ti àwọn wọ̀nyẹn pẹ́ títí. Ọwọ́ àwọn òṣèré ni mo ń wò ju ojú wọn lọ.

Nígbà tí mo ń padà, bàbá arúgbó kan dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ó fi ìka gún un lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì mọ̀ pé owó ni wọ́n ń jà lé lórí.