Láti Èkó sí Salvador: Ìwọ̀-oòrùn ni mo ń lọ, ìlà-oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ

Bí ẹyẹ bá gbéra ní Èkó tó sì fò tààrà lórí òkun Àtìláńtíìkì, nǹkan bí 5,100 kìlómítà ni yóò fò kí ó tó bà sí Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil. Díẹ̀ báyìí ni ìyẹn fi ju ti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni mo fi dé Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi, ṣùgbọ́n ó lé ní ọjọ́ kan ààbọ̀ kí n tó fojú kan Salvador, nítorí pé n kò rí bàálù kankan tó ń lọ tààrà nígbà tí mo ń wá tíkẹ́ẹ̀tì.

Addis Ababa ní Ethiopia ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, nǹkan bí 3,900 kìlómítà sí ìlà-oòrùn, bí ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta tí awakọ̀ ní òun yóò kọ́kọ́ yà ní Àkúrẹ́. Láti ibẹ̀ dé São Paulo, ìlú ńlá mìíràn ní Brazil, tó 9,900 kìlómítà, wákàtí méjìlá gbáko. Oorun ni mo sùn débẹ̀. Nígbà tí mo ro 1,450 kìlómítà tó kẹ́yìn, láti São Paulo sí Salvador, mọ́ ọn, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà ẹyẹ ni mo rìn.

São Paulo ni inú ti bí mi. Òṣìṣẹ́ tó gba àpótí mi ní Èkó ti fi dá mi lójú pé ó di Salvador kí n tó tún rí i. Irọ́ gbáà ni. Ẹni tó bá ti òkèèrè wọ Brazil, ibi tó bá kọ́kọ́ bà sí ni yóò ti gba ẹrù rẹ̀, tí yóò gbé e kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, kí ó tó fi í sílẹ̀ fún bàálù kejì. Mo ti jáde kí n tó mọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí n padà wọlé. Kí wọ́n tó bá mi wá àpótí náà jáde, tòun ti àjákù àǹkárá pupa tí mo so mọ́ ọwọ́ rẹ̀, bàálù Salvador ti lọ. Kọfí kan àti búrẹ́dì oníwàràkàṣì mẹ́rin, tí kò ju kóró àgbálùmọ̀ mélòó kan lọ lójú tèmi, ni wọ́n tún gba 52 reais, owó Brazil, lọ́wọ́ mi fún. Ẹ má ṣe gba tíkẹ́ẹ̀tì tí kò fi wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ fún yín níbẹ̀.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo dé àdúgbò Rio Vermelho ní Salvador. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù ní Èkó. Òórùn epo pupa ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó wọ aṣọ funfun tó sì wé gèlè funfun. Mo ní, “Àkàrà.” Ó wò mí, ó ní, “Acarajé.” Ó la ọ̀kan gbàgà, ó ki vatapá, ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé àti epo pupa sè, sí i nínú, ó sì to edé gbígbẹ lé e lórí. Àkàrà ìlú wa rọ̀ jù ú lọ, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n owó búrẹ́dì àná ìbá ra tó mẹ́ta nínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ fún ìyá náà pé Nàìjíríà ni mo ti wá. Màmá ní ṣé ó jìnnà. N kò mọ èwo ni kí n sọ nínú iye kìlómítà méjèèjì, mo bá ní kí wọ́n tún fún mi ní ẹyọ kan.