Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Mọ Bí A Ṣe Ń Pàṣẹ fún Kọ̀ǹpútà

Àwọn òbí kan a máa fọ́nnu pé ọmọ àwọn ti mọ kọ̀ǹpútà, torí pé ó mọ fóònù tẹ̀. Ó lè wá fídíò fúnra rẹ̀, ó sì lè fo ìpolówó kí àgbà tó ṣẹ́jú. Kò burú. Ṣùgbọ́n wíwò lọmọ yẹn mọ̀. Ẹ̀rọ ló ń yan ohun tí yóò wò, òun kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èmi fẹ́ kí tèmi kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí ń pàṣẹ.

Èrò yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1967, Seymour Papert, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní South Africa, pẹ̀lú Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon, ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan fún àwọn ọmọdé, Logo lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìjàpá kan kún un: ọmọ á ní kó lọ síwájú, kó yí sí ọ̀tún, ìjàpá á sì máa fa ìlà bó ṣe ń lọ. Ìjàpá tèyí ò ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kankan o. Ohun tí ẹ bá sọ gẹ́lẹ́ ló máa ṣe, bí ohun tí ẹ sọ ò tiẹ̀ bọ́gbọ́n mu.

Ìran Logo ni Scratch tí àwọn ọmọ ń lò lónìí. MIT Media Lab, ilé ìwádìí kan ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n Mitchel Resnick ti ń ṣiṣẹ́, ló gbé e jáde lọ́dún 2007, ọ̀fẹ́ sì ni. Dípò kí ọmọ máa tẹ àṣẹ lẹ́tà lẹ́tà, búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi tí àṣẹ wà lára wọn ló máa ń fà lójú kọ̀ǹpútà, tí á sì so mọ́ra. Ọmọ ọdún 8 sí 16 ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó kéré sí i ní ScratchJr tiwọn, àwòrán ló sì wà lára búlọ́ọ̀kù ibẹ̀, ẹni tí ò tíì mọ̀wé kà náà lè lò ó.

Ọmọbìnrin mi àgbà bẹ̀rẹ̀ Scratch nígbà tó pé ọmọ ọdún 8. Ológbò aláwọ̀ ọsàn tó máa ń wà níbẹ̀ ló fẹ́ kó máa rìn lọ rìn bọ̀. Ó fa búlọ́ọ̀kù tó ní kó rin ìṣísẹ̀ 10, ó fi sínú èyí tó ní kó máa tún un ṣe títí, ológbò bá sáré lọ há sí etí ojú kọ̀ǹpútà. Ó wá rí èyí tó sọ pé bó bá kan etí, kó ta padà. Ológbò ta padà lóòótọ́, àmọ́ ó dorí kodò! Ẹni tó bá ti lo Scratch rí á ti mọ ohun tí mò ń wí.

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Dádì, ẹ bá mi tún un ṣe." Mo káwọ́ sẹ́yìn. Mo ní, kí lo sọ fún un? Ó ní òun ní kó padà ni. Ṣé o wá sọ fún un pé kó má dorí kodò? Ó dákẹ́. Ńṣe ni ológbò yí ní dìgírì 180, orí sì gbọ́dọ̀ bọ́ sísàlẹ̀, àfi bí a bá sọ fún un pé òsì àti ọ̀tún nìkan ni kó máa kọjú sí. Búlọ́ọ̀kù tó ń ṣe ìyẹn wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá a rí, lẹ́yìn tí ológbò ti rí màbo. Kí òbí má fọwọ́ kan máùsì lásìkò yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi gbà á, iṣẹ́ yín nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ mọ́.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 4, ní òun náà fẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ irú ọjọ́ orí yẹn má jókòó síwájú ẹ̀rọ aláwòrán ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bó bá sì kéré sí i, ó sàn. Nítorí náà, èmi ni kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì síwájú, yí sí òsì! Bó bá gbàgbé láti ní kí n dúró, mo máa forí gbá ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ á sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ fáìlì tún wà. Ọmọ tó jẹ́ fóònù ló fi bẹ̀rẹ̀ kì í sábà mọ̀ pé iṣẹ́ òun wà níbì kan. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé ibo ni ológbò ń lọ tí a bá pa kọ̀ǹpútà. Mo tú ìdí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, mo fi ibi méjì hàn án: ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, tí gbogbo rẹ̀ á pòórá bí iná bá lọ, àti ibi tí èyí tí a bá fi pamọ́ máa ń wà. Ní báyìí, ó ń fi iṣẹ́ pamọ́ láìjẹ́ pé a rán an létí. Ó tiẹ̀ ti ń ṣe é jù. "Ológbò", "ológbò tuntun" àti "ológbò tuntun gan-an" ló kún inú kọ̀ǹpútà.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn nílé wa. A lè lo Scratch láìní àkáǹtì, kí iṣẹ́ sì wà lórí kọ̀ǹpútà tiwa. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1998 ní kí àwọn ìkànnì gba àṣẹ òbí kí wọ́n tó gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìkànnì kì í fi í gbà wọ́n rárá. Àwọn òbí tó ń bá ọmọ purọ́ ọjọ́ orí níbẹ̀ máa ń bí mi nínú. Ọmọ tó rí i pé bàbá òun purọ́ fún ìkànnì, kí la fẹ́ bá a sọ lọ́la?

Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ gbé gémù rẹ̀ síta báyìí kí àwọn ọmọ mìíràn bá òun ta á. Mo ti gbà. Kò ní fi fọ́tò sí i, email mi la ó fi forúkọ sílẹ̀, orúkọ ìnagijẹ ni yóò sì máa jẹ́. Orúkọ ìnagijẹ yẹn la ṣì ń bá ara wa fà.