São Tomé, Singapore àti oko kòkó wa lọ́nà Ọ̀dà

Tí wọ́n bá dárúkọ São Tomé fún ọ̀pọ̀ nínú wa, epo rọ̀bì ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn, torí àdéhùn tí Nàìjíríà bá wọn ṣe ní 2001 pé epo tí wọ́n bá rí láàárín òkun àwa àti wọn ká jọ pín in, 60 fún wa, 40 fún wọn. Èmi o, kòkó ni mo fi mọ̀ wọ́n. Erékùṣù méjì ni, São Tomé àti Príncipe, ilẹ̀ méjèèjì pa pọ̀ kò ju bíi 1,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ìpínlẹ̀ Òǹdó nìkan fẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀hún ni kòkó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Àwọn Potogí gbé e wá láti Bùràsíìlì sí Príncipe ní nǹkan bíi 1822, láti ibẹ̀ ló dé erékùṣù Fernando Po (Bioko ni wọ́n ń pè é báyìí), Fernando Po yẹn làwọn èèyàn wa ti mú un wálé lẹ́yìn 1870, òun náà ló wá kọ́lé fún àwọn bàbá wa l'Ákùúrẹ́, l'Óǹdó àti n'Ídànrè.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára ni pé oko erékùṣù yẹn ò dúró sójú kan rí. Á fẹ̀, á sún kì, á tún fẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé ilẹ̀ ọ̀hún ò lé kò dín.

Nígbà táwọn Potogí débẹ̀ ní nǹkan bíi 1470, kò séèyàn níbẹ̀, igbó kìjikìji ni. Wọ́n kó ẹrú lọ láti etíkun tiwa níbí, wọ́n ṣán igbó, wọ́n gbin ìrèké, kó tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ṣúgà ti sọ wọ́n di olówó. Ìgbà tó yá ṣúgà Bùràsíìlì gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn ẹrú náà ò sì fẹ́ ìyà mọ́, ní 1595 ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Amador kó wọn sòdí, wọ́n dáná sun ilé iṣẹ́ ṣúgà lọ rẹpẹtẹ. Wọ́n padà pa Amador (títí dòní họ́lídè ni wọ́n ń ṣe fún un ní 4 January), ṣùgbọ́n àwọn olóko ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ kọjá sí Bùràsíìlì, igbó sì wá gba ilẹ̀ ẹ̀ padà. Nǹkan bíi 200 ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tún ka ilẹ̀ yẹn sí nǹkan gidi.

Ká tó wí ká tó fọ̀, kọfí dé, kòkó dé, wọ́n tún ṣán gbogbo ẹ̀, wọ́n ṣán an gun orí òkè. Roça ni wọ́n ń pe àwọn oko ńlá yẹn. Roça kan lè ní ọsibítù tiẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, rélùwéè kékeré tó ń kó kòkó lọ sétí òkun, àfi bíi pé ìlú kan ni. Ní 1913 kòkó tó jáde níbẹ̀ lé ní 35,000 tọ́ọ̀nù, láti erékùṣù tí ẹ lè wa mọ́tò káàkiri láàárín ọjọ́ kan! Ta ló ṣiṣẹ́ ẹ̀? Òfin ti ní kò sẹ́rú mọ́ láti 1875, wọ́n wá ń kó èèyàn láti Àǹgólà pé iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni, ẹni bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kò rọ́nà ilé mọ́. Ariwo ẹ̀ pọ̀ débi pé ní 1909 Cadbury àtàwọn oníṣokoléètì mìíràn n'Ílùú Ọba ní àwọn ò ra kòkó São Tomé mọ́, wọ́n kọjú sí Gold Coast (Ghana òde òní). Àwọn ọmọ erékùṣù fúnra wọn ò fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ inú roça fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní February 1953 tí ìròyìn ń lọ pé gómìnà Gorgulho fẹ́ fipá mú wọn, ìjà bẹ́ ní Batepá, wọ́n pa èèyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Òmìnira dé ní July 1975. Nígbà yẹn roça àwọn Potogí ló gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí. Ẹ rò ó wò. Òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, ìjọba tuntun sọ gbogbo ẹ̀ di ti ìjọba, ó sì dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ò sí, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń darí oko ńlá ti lọ, ìran àwọn tí wọ́n fi pàṣán sin inú oko ò sì tún fẹ́ pa dà síbẹ̀, ta ló máa bá wọn wí? Kó tó di 1990 kòkó tó ń jáde ò tó ìdajì èyí tó ń jáde kí òmìnira tó dé. Igbó tún dé. Àwọn igi tó máa ń bo kòkó lórí ga fíofío, kòkó fúnra ẹ̀ ti di ògbólógbòó, àwọn èèyàn ń dáná nínú ilé táwọn ọ̀gá roça ń gbé tẹ́lẹ̀. Láti bíi 1993 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilẹ̀ roça sí wẹ́wẹ́ fún àwọn olóko kéékèèké, kì í ṣe pé wọ́n tà á fún wọn o, wọ́n ní kí wọ́n máa lò ó ni, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìjọba. Inú àwọn oko kéékèèké yìí náà ni kòkó olówó gọbọi tí kò ní kẹ́míkà ti ń jáde báyìí, kò pọ̀, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ń dún lọ́dọ̀ àwọn oníṣokoléètì.

Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé ilẹ̀ oko dín kù níbì kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: kí ló dà? Tó bá jẹ́ igbó ló dà, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀, àdá àti ọkọ́ lè gbà á padà, São Tomé ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ wá wo Singapore. Erékùṣù lòun náà, kò tiẹ̀ fẹ̀ tó São Tomé. Láti 1960 síwájú ni wọ́n ti ń kó yanrìn dí òkun, ilẹ̀ wọn kúrò ní bíi 580 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó ti lé ní 730 báyìí, ilẹ̀ ń pọ̀ sí i, oko ń tán lọ. Punggol tí wọ́n ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ìjọba kó gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ kúrò kó tó di 1990, fúláàtì ló kún ibẹ̀ báyìí. Ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ wọn tó ń wọlé láti òkèèrè. Ní 2019 wọ́n ní tó bá máa fi di 2030 àwọn á máa pèsè ìdá 30 fúnra àwọn, ní 2025 wọ́n ti pa ìyẹn tì. Kò sẹ́ni tó máa wó fúláàtì tìtorí ẹ̀fọ́. Àmọ́ owó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè rà á.

Àwa ń kọ́? Ohun tí Singapore ṣe là ń ṣe l'Ákùúrẹ́ yìí o, láìsí owó Singapore lápò wa. Ẹ gba ọ̀nà Ọ̀dà, ẹ gba ọ̀hún Ọba-Ilé lọ, ẹ wo bí ẹ́sìtéètì ṣe tò, géètì ńlá, búlọ́ọ̀kù, "Buy 5 Get 1 Free". Oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ wà lẹ́yìn Ọ̀dà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ inú ẹ̀ nígbà ìkórè, ewé kòkó tó ti ré sílẹ̀ á nípọn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, òkìtì èèpo kòkó tó ti dúdú á wà lápá kan, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n á da kòkó tútù sí tí wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, omi ẹ̀ á máa ro tótó, òórùn ẹ̀ á sì kan bí ẹmu àná. Láàárín gbogbo ìyẹn ni súfeyọ̀ ti ri píláà kan mọ́lẹ̀, kọnkéré gbọọrọ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí lórí, ó fẹ̀gbẹ́ kan ìdí igi kòkó kan tó ṣì ń so. Oko aládùúgbò wa ti lọ ní tiẹ̀, katapílà ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan, igi tí èèyàn ń tọ́jú láti ìgbà ayé ológun! Mi ò bá wọn wí, owó plọ́ọ̀tì kan lónìí àti owó kòkó orí plọ́ọ̀tì yẹn kò tiẹ̀ jọra, ọmọ tó wà ní yunifásítì ò lè dúró de ìkórè.

Ohun tó tún wá ń ya mí lẹ́nu ni pé kòkó ìpínlẹ̀ Òǹdó ò tìtorí ìyẹn tán. Ó ń ṣí kúrò ni. Ní 2024 tí owó kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, gbogbo èèyàn ló di àgbẹ̀, wọ́n ń ya wọ inú igbó ọba lọ, Olúwa, Àkúrẹ́-Ofosu, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń gbin kòkó síbẹ̀. Nínú ìwé ìjọba á dà bíi pé oko wa ń fẹ̀ sí i. Oko etílé ti di ẹ́sìtéètì, igbó ọba ti di oko, ìgbà tí owó kòkó wá já wálẹ̀ ní 2025 kò sẹ́ni tó bá wa gbin ìrókò padà.

Lórí WhatsApp ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ká ta tiwa ká pín owó ẹ̀, pé ta ló fẹ́ máa lọ roko, gbogbo wa la wà nígboro. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ, mi ò já wọn nírọ́. Mo ṣáà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ká jẹ́ kó di igbó fúngbà díẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, a ṣì lè ṣán an, tí wọ́n bá ti da kọnkéré sí i ó parí nìyẹn." Àǹtí mi tó wà n'Íbàdàn gbè mí lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa, kí èmi tí mo gbọ́n wá wá ẹni tó máa dá oko náà.

Mo ti rí ọkùnrin ará Benue kan tó ti pẹ́ nídìí kòkó n'Ídànrè. Ó lọ wo oko náà, ó ní ó lé ní ìdajì àwọn igi náà tó ṣì dáa, àwọn tó ti darúgbó ni ká gé, ká gbin tuntun sí àlàfo wọn, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa bò wọ́n lórí. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ní òun máa mú, ìyẹn ò burú. Ó wá ní àwa la máa ra pọ́ǹpù ìfínko àti oògùn, ẹ̀gbọ́n mi ní kò sóhun tó jọ ọ́, kí onítọ̀hún gbé pọ́ǹpù tiẹ̀ wá, ibi tá a bá a dé rèé, owó pọ́ǹpù là ń bá ara wa fà.