Ẹ bá mi dúpẹ́ o, fèrè ara báàgì mi ni Ọlọ́run lò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè kí n san gbèsè ọpẹ́ yìí. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń sọ pé màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti jókòó tì í báyìí, omi á kàn máa dà lójú mi ni, màá sì gbé fóònù sílẹ̀. Lónìí màá kọ ọ́ bó ti wù kó rí. Ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, mi ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ọlọ́run tó fà mí yọ nínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ gidi ni mò ń sọ o, mi ò pa òwe.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mo fẹ́ràn kí n máa rìn lórí òkè. Èyí tí mo lọ lọ́jọ́ yẹn, dáàmù kan ni wọ́n fi dí odò láàárín òkè, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì yí omi ẹ̀ ká pátápátá, kìlómítà 19 ni wọ́n kọ sára pátákó tó wà níbi tá a ti ń bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sọ fún àbúrò mi obìnrin pé ọ̀nà tó yí omi ká, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọnù níbẹ̀, ṣebí omi á wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ títí màá fi padà síbi tí mo ti gbéra. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ ṣáà sọ aago tẹ́ ẹ máa dé fún mi." Mo ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní tó bá di aago méje tóun ò gbúròó mi, òun máa pe àwọn tó ń wá èèyàn lórí òkè. Mo ní ó dáa. Ló bá fa báàgì mi sọ́dọ̀, ó mú ike kékeré tó máa ń de okùn báàgì pọ̀ níwájú àyà, ó gbé e sẹ́nu, ó fọn ọ́n. Fíìì! Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé báàgì yẹn kọ́rùn, mi ò mọ̀ pé fèrè ni ìdè yẹn. Ó ní, "Téèyàn bá wà nínú ewu lórí òkè, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló máa fọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, á sinmi ìṣẹ́jú kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta." Mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Omi dáàmù kì í rí roboto bí abọ́. Àfonífojì ni wọ́n dí, nígbà tí omi bá sì kún, gbogbo ibi tí odò kéékèèké ti ń ṣàn bọ̀ látorí òkè tẹ́lẹ̀ ni omi á wọ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé téèyàn bá wò ó látòkè, ó máa dà bí ọwọ́ tó la gbogbo ìka ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wá gbọ́dọ̀ wọ inú ìka kọ̀ọ̀kan, á lọ títí dé ìkángun ẹ̀, á sọdá odò kékeré tó wà níbẹ̀, á tún padà bọ̀ lódìkejì. Ẹ máa rí ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ máa rí àmì ọ̀dà tí wọ́n kùn sára igi níbẹ̀, àmọ́ ó lè gbà yín tó wákàtí kan kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà ò kàn tẹ̀ lé etí omi, níbi tó bá ti jẹ́ pé àpáta ló wọnú omi ṣe ló máa gun òkè lọ, á tún sọ̀ kalẹ̀, á tún gùn. Mo ti fi wákàtí kan sí kìlómítà márùn-ún bíi pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. Ọkùnrin ará Scotland kan tó ń jẹ́ Naismith ti sọ ọ́ láti ọdún 1892 pé kéèyàn fi wákàtí kan kún un fún gbogbo nǹkan bíi mítà 600 téèyàn bá gùn, ìyẹn tí ara bá le, tí ojú ọjọ́ sì dáa. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni mo tó gbọ́ orúkọ ọkùnrin yẹn.

Nígbà tí mo fi máa dé ìka kẹta, aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ̀ lù, orúnkún mi ti ń dùn mí, mi ò sì tíì rìn ju ìdajì lọ. Omi ti fà gan-an lákòókò yẹn torí òjò ò rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ilẹ̀ gbẹrẹfu wà láàárín koríko àti omi yí ká, bí ojú ibi tí omi dé nínú báàfù tí wọ́n ti da omi ẹ̀ nù. Kùkùté igi àtijọ́ wà níbẹ̀, ògiri òkúta kan tó ti ya náà wà níbẹ̀. Ó wù mí láti rí i nítòsí, torí mo ti rí fọ́tò Haweswater nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí omi bo abúlé Mardale Green ní àwọn ọdún 1930, tó fi jẹ́ pé tí ọ̀dá bá mú ògiri ilé wọn àtijọ́ á tún yọ jáde, àwọn èèyàn á sì lọ máa wò ó. Mo wá rò ó pé tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ gba orí ilẹ̀ yìí kọjá, màá rí ògiri yẹn, màá sì ti dín wákàtí kan kù. Mo fi ọ̀nà sílẹ̀. Pátákó tó wà níbẹ̀rẹ̀ ya àwòrán ẹni tí ẹrẹ̀ ti mu dé ìbàdí, mo sì rí i láàárọ̀ o.

Òkè ilẹ̀ yẹn le, ó sán bí àwo tó fọ́, ó ń dún ṣákáṣákà lábẹ́ bàtà mi. Mo rìn tó ogún ẹsẹ̀ lórí ẹ̀ láìsí nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rí i pé ilẹ̀ iwájú mi ń mì nígbà tí mo bá tẹsẹ̀, bí ẹ̀kọ tí ò tíì dì, kí n tó sọ pé kí n yí padà, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti wọlé dé itan. Mo fi ẹsẹ̀ òsì ti ilẹ̀ kí n lè fà á yọ, tòsì náà wọlé. Ó tutù! Ẹrẹ̀ yẹn di ẹsẹ̀ mi mú bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ gbá a mú. Bí mo ṣe ń jà ni mo ń rì. Mo pariwo Ọlọ́run níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́, ohùn ara mi ló ń padà wá bá mi láti ara òkè.

Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ sí mi lọ́kàn pé kí n yéé dúró, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Mo bọ́ báàgì, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú mi, mo dojú bolẹ̀ lé e lórí, mo wá ń mi ẹsẹ̀ kan díẹ̀díẹ̀ kí omi lè wọ àárín òun àti ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì. Ó gbà mí ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi ò bá mi jáde, ó wà níbẹ̀ dòní. Mo wọ́ àyà padà sórí koríko bí ọmọ tó ń rá, sòkòtò jíǹsì mi ti mu omi yó, fóònù ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan torí òkè dí wa mọ́ yí ká. Kò pẹ́ ni kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, mi ò rí igi tó wà níwájú mi mọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dúpẹ́ sí jù rèé. Gbogbo ara mi ló ń sọ pé kí n máa lọ, kí n tẹ̀ lé etí omi, pé màá dé. Ká ní mo lọ ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ òfìfo kan, nínú òkùnkùn, ní etí àpáta tó wọ inú omi, ẹlòmíì ni ì bá máa kọ nǹkan nípa mi. Ọlọ́run mú mi jókòó. Mo sá sí ẹ̀yìn òkúta ńlá kan tí atẹ́gùn ò dé, mo jókòó lórí báàgì kí ilẹ̀ má bàa fa ìwọ̀nba ooru tó kù lára mi, mo di fèrè yẹn mú. Mẹ́fà, kí n sinmi. Mẹ́fà, kí n sinmi. Mo fọn ọ́n títí ètè mi fi kú, ni mo wá ń fi eyín di ike yẹn mú. Ara mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè ka mẹ́fà pé, nígbà tó yá gbígbọ̀n yẹn wá ń rọlẹ̀, mo rò pé ara mi ti ń yá ni, oorun sì ń kì mí. Àwọn tó gbà mí ló sọ fún mi pé ibẹ̀ yẹn gan-an ni ikú ti ń sún mọ́ni, pé tí ara bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n nínú òtútù, agbára ẹ̀ ló ti ń tán.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀ ni mo gbọ́ ọ láti òkèèrè. Fíì, fíì, fíì.

Mẹ́ta. Mo sunkún.

Aago méje géérégé ni àbúrò mi ti pè wọ́n, kò fi ìṣẹ́jú kan lé e. Nígbà tí wọ́n bi í pé ọ̀nà wo ni mo gbà, ó rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ, "Ó ní omi á wà lọ́wọ́ ọ̀tún òun." Ohun tí wọ́n fi mọ apá ibi tí mo kọjú sí nìyẹn, wọ́n wá pín ara wọn sí méjì, àwọn kan tẹ̀ lé mi látẹ̀yìn, àwọn kan wá pàdé mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń fọ́nnu ni Ọlọ́run sọ di atọ́nà. Ẹ gbà mí láyè kí n tún un sọ, ọ̀rọ̀ tí mo fi ń fọ́nnu!

Èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n, wọn kì í gbowó iṣẹ́ yìí, oníkálukú ti ibùsùn ẹ̀ dìde ni. Wọ́n bọ́ aṣọ tútù lára mi, wọ́n fi aṣọ gbígbẹ àti ọ̀rá fàdákà tó ń dún wárawàra wé mi, wọ́n fún mi lómi gbígbóná tó ní ṣúgà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra ẹsẹ̀ mi. Bàbá kan láàárín wọn di ọwọ́ mi mú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń gbé mi lọ. Ó ń sọ ọ́ sí mi létí pé, "Má sùn o, ọmọ mi, bá mi sọ̀rọ̀." Alẹ́ méjì ni mo lò nílé ìwòsàn. Gbogbo ìka ẹsẹ̀ mi pé.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n wá ẹni tiwọn tì. Ẹ bá mi kí àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tó ka aago. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, Sátidé tó ń bọ̀ àwa méjèèjì máa padà lọ síbẹ̀, ọ̀nà kúkúrú tó wà lẹ́bàá ògiri dáàmù la máa rìn, aago méjìlá la máa ti padà délé, a sì ti sọ fún ìyá wa.