Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: Kí ẹ tó gba kóòṣì tuntun, ẹ wádìí ohun tó máa ń sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá nà án

Kò tíì pẹ́ tí ẹgbẹ́ wa já bọ́ kúrò ní líìgì tí à ń gbá, egbò rẹ̀ kò sì tíì jinná lára mi. Ìgbìmọ̀ wa ti tún ń wá kóòṣì míì, ìwé àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ náà ti kún orí tábìlì mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan níbí l'Abuja. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ kóòṣì tó lọ, torí kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ kéékèèké bíi tiwa ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti yọ owó oúnjẹ ra epo bọ́ọ̀sì rí. Ẹ mọ ohun tí kóòṣì kan lè fojú ẹni rí láàárín oṣù díẹ̀.

Nígbà tí a gba ọkùnrin yìí, inú gbogbo èèyàn ló ń dùn. Ó ní CAF A, ìwé ẹ̀rí kóòṣì tí àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà máa ń fúnni, ó ti gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́jọ́ tí a fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó ya pápá sórí bébà, ó ń fi bírò fa ìlà síbí, ó ń fà á sọ́hùn-ún. Alága wa ń mirí. Mo wá béèrè pé kí ló máa ń bá àwọn ọmọ sọ tí wọ́n bá fìdí rẹmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í sábà fìdí rẹmi. Àwọn tó kù bá a rẹ́rìn-ín. Mo kọ ìdáhùn yẹn sínú ìwé mi, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ohun tó fẹ́ ni pé kí kíípà àti àwọn dìfẹ́ńdà máa gbá bọ́ọ̀lù fún ara wọn jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi dé iwájú, bí a ṣe ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò burú níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ irú pápá tí à ń gbá. Igbákejì rẹ̀ sọ fún un lójú mi pé àwọn ọmọ yìí máa kó sí wàhálà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní kíípà tó bá ṣáà ń la bọ́ọ̀lù síwájú lábẹ́ òun máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo wa gbọ́ ọ, kíípà náà gbọ́ ọ.

Ọ̀mì la nílò ní Jos kí a má baà já bọ́. Òjò ti rọ̀, omi dúró sí iwájú àwọ̀n wa. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí, odo sí odo la wà, ni dìfẹ́ńdà kan bá dá bọ́ọ̀lù padà fún kíípà. Ọmọ ọdún 19 ni, ọmọ Ọ̀ffà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní Mararaba. Ì bá la bọ́ọ̀lù yẹn jù sínú èrò, kí gbogbo wa mí kanlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ dá a dúró, ó ń wá ẹni tó máa gbá a fún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó máa ṣe. Bọ́ọ̀lù yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi, nọ́ńbà 9 àwọn tí à ń bá gbá sì rọra tì í sáwọ̀n.

Kóòṣì kò wọ yàrá tí àwọn ọmọ ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ níta, ó wọ ọkọ̀ ara rẹ̀, ó lọ. Èmi àti igbákejì la kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Akwanga. Ibẹ̀ ni fóònù ẹnì kan ti dún lẹ́yìn, tó ṣí fídíò kan lórí WhatsApp, la bá gbọ́ ohùn kóòṣì: "Èmi ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe. Kíípà yẹn ló já wa bọ́. Èmi kọ́ ni mo mú un wá." Ọmọ tó ṣí i sáré pa á. Ṣùgbọ́n fídíò náà ti dé orí fóònù ẹlòmíì níwájú, ohùn kan náà tún sọ ọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀kẹta tún sọ ọ́.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni kíípà jókòó sí. Kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti pápá. Ó ń ṣí ìdè ọwọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó ń lẹ̀ ẹ́ padà, ó tún ń ṣí i, à ń gbọ́ ọ, ràà, ràà, nínú òkùnkùn. Nígbà tí a dé Keffi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún dírẹ́bà kó jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ níbí."

Mo ní, "Ta lo mọ̀ ní Keffi?"

Ó ní, "Mi ò mọ ẹnì kankan, mà. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí mi ni."

Mo di apá rẹ̀ mú títí a fi dé Mararaba, mo sì bá a wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wo fídíò náà kí a tó dé. Àwọn ará àdúgbò náà ti wò ó.

Igbákejì ló ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ títí ó fi gbà láti padà sórí pápá. Ó ti ń ṣe ìdánrawò báyìí, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

Nítorí náà, ohun tí mo fi ṣáájú gbogbo ohun tí ẹ lè máa wò lára kóòṣì ni èyí: ta ló máa ń gba ẹ̀bi lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́? Tí a bá borí, òun làwọn oníròyìn máa ń sáré bá, a kì í sì í bá a jà lórí ìyẹn. Tí wọ́n bá nà wá, kó dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan náà, kó ní òun ló ni í. Ohun tó bá fẹ́ bá kíípà sọ, kó sọ ọ́ nínú ilé, kó tilẹ̀kùn, kó tiẹ̀ pariwo tó bá wù ú. Àwọn kan ti ní torí pé mo jẹ́ obìnrin ni mo ṣe ń kẹ́ ọmọ náà. Mi ò kẹ́ ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe rẹ̀ ni, mo gbà, ṣùgbọ́n àṣẹ kóòṣì ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ ò lè mọ èyí lójú ìwé. Alága ẹgbẹ́ tó ti kúrò náà kò lè sọ ọ́ fún yín, torí àwọn alága máa ń yin ara wọn ni. Àwọn tó kó sórí bẹ́ǹṣì ni kí ẹ pè. Ẹ pe ẹni tó ń fọ jẹ́sì, ẹ pe dírẹ́bà bọ́ọ̀sì. Ẹ wá fọ́rán ọ̀rọ̀ tó bá oníròyìn sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti ọjọ́ tó gba ife o, ti ọjọ́ tí wọ́n gbá mẹ́ta wọlé rẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tó dárúkọ rẹfirí, pápá àti àwọn ọmọ, kó tó dárúkọ ara rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ṣe pàtàkì, ẹ béèrè fún ojúlówó rẹ̀, kí ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Kò jùyẹn lọ.

Ní ti orúkọ ńlá, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Abidjan ní oṣù kejì 2024, níbi ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Equatorial Guinea ti na Ivory Coast 4-0 nínú ilé wọn, kóòṣì wọn lọ, wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà lé igbákejì rẹ̀, Emerse Faé, lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí gbogbo ìlú ti ń bú ló kó jọ, tó fi na Super Eagles 2-1 ní àṣekágbá. Ó dùn mí wọra lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo ti ń fi han ìgbìmọ̀ wa, torí igbákejì tiwa náà wà níbẹ̀. Alága ní CAF B ló ní, èyí tó rẹlẹ̀ sí CAF A. Ẹ wo olóògbé Stephen Keshi, kóòṣì Super Eagles, náà nínú ìdíje kan náà ní 2013: ó kó àwọn ọmọ tó ń gbá líìgì ilé lọ South Africa nígbà tí ọ̀pọ̀ ń ṣiyèméjì, Sunday Mba, ọ̀kan nínú wọn, ló sì gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso. Kóòṣì tó bá gba ọmọ gbọ́ kì í tà á lójú ayé.

Òkè Ọya níbí tún ní tirẹ̀. Kóòṣì tó bá máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà àwẹ̀ Ramadan. Tiwa fi ìdánrawò sí aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oòrùn oṣù kẹta. Igbákejì ní kí a gbé e sẹ́yìn ìṣínu, kóòṣì ní bọ́ọ̀lù kò mọ àwẹ̀. Ọmọ kan dákú. Ẹ mọ ohun tó sọ fún wa? Ó ní ọmọ náà kò lágbára. Ṣé ẹ rí i? Ẹnu kan náà ni. Ó yẹ kó gbọ́ Hausa díẹ̀ pẹ̀lú, tàbí kó ní sùúrù láti kọ́ ọ, torí kò sí bí o ṣe fẹ́ tu ọmọ nínú tí o kò bá gbọ́ èdè rẹ̀.

Owó oṣù máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa, mi ò ní parọ́. Inú ìgbìmọ̀ ni mo wà tí mo fi ń sọ èyí: ẹni tó máa wá bá wa jà nítorí àwọn ọmọ ni kí ẹ gbà, kódà tí ojú alága bá le.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn mẹ́ta máa jókòó níwájú wa. Mo ti ní kí kálukú fi nọ́ńbà kíípà méjì tó ti bá ṣiṣẹ́ ránṣẹ́, ọ̀kan tó máa ń lò àti ọ̀kan tó máa ń fi sórí bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan pè mí, ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ kíípà. Ẹnì kan kò tíì fèsì. Èyí tó ń gbé Kaduna fi nọ́ńbà mẹ́rin ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, mo ti bá méjì nínú wọn sọ̀rọ̀, mo sì ti kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ fún alága.