Ọ̀nà tó gba inú oko olóko kọjá

Láti ìgbà tí mo ti dé láti England, London ni gbogbo èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, ní Òṣogbo. Mi ò rí London ju pápákọ̀ òfuurufú lọ. Swindon ni ọmọ mi obìnrin ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni mo lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun fún oṣù mẹ́ta. Ohun tí mo bá bọ̀ lọ́kàn ni abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Avebury, àti àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí i ká.

Èmi àti ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án la wọ bọ́ọ̀sì lọ. Òun ló ń mú mi lọ, torí iléèwé wọn ti kó wọn débẹ̀ rí. Ọkàn mi ni pé a ó bá ọgbà kan tí wọ́n mọ odi yí ká, tí ẹnì kan á jókòó sẹ́nu géètì tí á máa gbowó. Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀, mo gbójú sókè, òkúta ló wà lọ́tùn-ún, òkúta ló wà lósì. Àwọn kan ga ju ẹnu ọ̀nà ilé mi lọ dáadáa. Àgùntàn ń jẹko láàárín wọn, títì gba àárín wọn kọjá, ilé àwọn ará abúlé sì wà nínú agbo òkúta náà gan-an. Wọ́n ń sáṣọ, wọ́n ń gbá ẹnu ọ̀nà wọn, nínú ohun tó ti lé ní 4,000 ọdún.

"Màmá àgbà, ẹ fọwọ́ kàn án." Ọmọ náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ wò yíká bóyá ẹnì kan á bá wa wí. Kò sí ẹni tó wí nǹkan. Mo bá fọwọ́ kàn án. Ó tutù, ó sì rí ṣákaṣàka. Àwọn nǹkan pẹlẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè àti aláwọ̀ eérú hù sí i lára, wọ́n gbẹ bí èépá ojú egbò tó ti jinná. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ mi wọ̀ dé ọrùn ọwọ́. Omi òjò àná ṣì wà níbẹ̀, ewé kan sì léfòó lórí rẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi lọ rìn yí òkúta mẹ́ta ká kó tó padà wá bá mi.

Fífẹ̀ agbo yẹn tó nǹkan bíi 330 mítà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kòtò ńlá ló sì yí i ká. Ìwo àgbọ̀nrín ni àwọn ará àtijọ́ tó gbé òkúta náà nàró fi gbẹ́ kòtò náà, torí irin kò tíì dé ọwọ́ wọn. Jíjìn rẹ̀ nígbà náà tó mítà mẹ́sàn-án. Àwọn òkúta kan wúwo ju 40 tọ́ọ̀nù lọ. Mo ń ro iye èèyàn tó fà wọ́n débẹ̀, àti irú orin tí wọ́n ń kọ kí ọwọ́ wọn lè bára mu.

Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló wá bà á jẹ́, èyí ló dùn mí jù. Láyé àtijọ́ tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ti fìdí múlẹ̀, wọ́n wó púpọ̀ nínú òkúta náà, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kan nínú wọn sókè ní 1938, egungun ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, irin kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́ ara, àti owó fàdákà tó ti wà láti bíi 700 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní ó jọ pé ẹni tó ń fá irun tó sì tún ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni. Mo ní, "Onígbàjámọ̀ nìyẹn." Ọmọ-ọmọ mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Mo jókòó sórí koríko, mo ṣàlàyé àwọn onígbàjámọ̀ tí mo bá láyé fún un, bí wọ́n ṣe ń gbé àpò wọn kiri, bí a ṣe máa ń sá fún wọn.

Nígbà tó yá, ní bíi 300 ọdún sẹ́yìn, wọn kò tilẹ̀ rì í mọ́. Wọ́n ń dáná sábẹ́ òkúta títí á fi gbóná janjan, wọ́n á da omi tútù lé e, wọ́n á wá fi òòlù fọ́ ọ, wọ́n á sì fi kọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwọn tó ń fọ́ òkúta nílẹ̀ wa, tí wọ́n ń sun táyà sórí àpáta kó lè sán, ẹ mọ iṣẹ́ náà. Ọkùnrin ọlọ́lá kan, Alexander Keiller, tí ìdílé rẹ̀ fi jáàmù ọsàn dolówó, ló wá ra ilẹ̀ ibẹ̀ láàárín 1930 sí 1940. Ó hú àwọn tí wọ́n rì, ó gbé wọn nàró, ibi tí òkúta ti parẹ́ ó ri òpó kọnkéré kékeré síbẹ̀ kí èèyàn lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí. Àwọn òpó yẹn ká mi lára ju òkúta lọ. Mo ń kà wọ́n bí mo ṣe ń lọ.

Ta ni ọmọ Òṣogbo tó máa rí irú èyí tí kò ní rántí Àdùnní Olórìṣà? Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Austria ní 1915, tó kú sọ́dọ̀ wa ní 2009. Nígbà tí wọ́n ń gé igi igbó Ọ̀ṣun, tí ojúbọ ń wó, òun àti àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére wa, Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálì Àkàngbé àti àwọn yòókù, ni wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì tún un ṣe. Ní 1965 ìjọba sọ igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ní 2005 UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Hẹ́kítà 75 ni. Mùsùlùmí ni mí, mi ò bọ Ọ̀ṣun rí. Àmọ́ igbó yẹn ti wà kí wọ́n tó bí ìyá mi, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ-ọmọ mi bá a.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìrìn wa. A tẹ̀lé òkúta tí wọ́n tò sí ọ̀nà méjì jáde kúrò lábúlé. Òjò ti rọ̀, ẹfun ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ gbogbo àdúgbò yẹn, ẹfun funfun báláú bí èyí tí àwọn olórìṣà wa ń lò. Ó lẹ̀ mọ́ bàtà mi títí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀kan fi ṣí kúrò. Mo fi okùn ìborùn mi dì í, a ń lọ. A rí Silbury, òkè tí ọwọ́ èèyàn mọ, ó ga tó nǹkan bíi 39 mítà. Láti 1776 ni wọ́n ti ń gbẹ́ inú rẹ̀ wò, wọn kò bá òkú ọba kankan níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gùn ún mọ́. A kọjá lọ síbi ibojì gígùn kan tí wọ́n ń pè ní West Kennet, tí wọ́n ti bá egungun èèyàn tó tó 36. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo kí wọn bí a ṣe ń kí ará sàréè, mo ní àsàlámù àlékúmù. Ọmọ náà béèrè ẹni tí mò ń kí. Mo ní, "Ẹni tó bá wọlé ló ń kí onílé."

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí ni ẹnu oko àlìkámà kan lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti ga dé ìbàdí mi. Ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà níbẹ̀, ó ń yí láàárín irin méjì lọ́nà tí èèyàn lè gbà kọjá àmọ́ tí ẹran kò lè gbà. Wọ́n fi ọfà ìyeyè sára òpó. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín oko olóko kọjá tààrà.

Mo dúró. Mo ní, "Ta ló fún wa láyè?"

"Màmá àgbà, ọ̀nà ni."

"Ṣé olóko ò ní lé wa?"

"Ọ̀nà ni." Ó ti wọlé, ó ń fi ọwọ́ pa orí àlìkámà náà.

A pàdé olóko lóòótọ́, lórí katakata. Ó na ọwọ́ sí wa, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ ọmọ mi jókòó tì mí, ó ní, "Mọ́mì, òfin ni." Òfin kan láti 1949 ló ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ gbogbo ọ̀nà àtijọ́ sórí máàpù, ní England àti Wales. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọ̀nà ti wà níbẹ̀, ilẹ̀ lè máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì, ọ̀nà kì í bá a lọ. Olóko lè fi katakata tú u, àmọ́ láàárín ọjọ́ 14 ó gbọ́dọ̀ là á padà, kó sì fẹ̀ tó mítà kan ó kéré tán. Ó ní tí wọ́n bá so gbogbo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n tó nǹkan bíi 225,000 kìlómítà. Mi ò sùn bọ̀rọ̀. Ọ̀nà odò wa ni mò ń rò.

Aláró ni ìyá mi. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn agboolé wa tó lọ tààrà sódò, òun ni wọ́n ń gbé aṣọ gbà lọ fọ̀, òun la fi mọ odò. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti sọ ìtàn Olútìmẹ́hìn àti Láròóyè, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, fún mi, igi tí wọ́n gé tó wó sínú omi tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Mo rò pé ìkòkò ìyá mi ni, mo sunkún dé ilé. Lónìí, ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ti ẹlòmíì, ó mọ fẹ́ǹsì, ó fi géètì sí i. Odò náà fúnra rẹ̀ ti pọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè lọ́hùn-ún, lápá Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ọmọ àdúgbò wa tó ti tó ogún ọdún kò mọ̀ pé ọ̀nà wà lẹ́yìn géètì yẹn.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀. A gbé orógbó àti búrẹ́dì lọ́wọ́, a kúnlẹ̀ kí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ la bá lọ. Ó yára gbé wa dìde. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lódò? Ṣebí ẹ ní kànga nílé." Mo ní kì í ṣe omi, ọ̀nà ni. Mo sọ ti àlìkámà fún un, mo sọ ti ọkùnrin orí katakata tó na ọwọ́ sí wa. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní àwọn ewúrẹ́ òun wà níbẹ̀. Mo ní ti àgùntàn ló pọ̀ jù níbi tí mo lọ.

Àárọ̀ Sátidé nìkan ló gbà fún wa. Ó ní kí n máa ti géètì lẹ́yìn mi.

Sátidé tó kọjá, àwa méje la lọ, mẹ́rin nínú wa jẹ́ ọmọdé. Igbó ti bo ibì kan, a fi àdá là á, kò tíì tó mítà kan. Àbúrò mi rí òkúta tí ìyá wa máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ lé, koríko ti bò ó, ó ké pè mí. Nígbà tí a ń bọ̀, mo dúró kẹ́yìn, mo ti géètì náà, mo sì fà á wò bóyá ó ti dè.